Tẹlifóònù Lọ́wọ́ Awakọ̀: Ẹni tí Ó Pè É Náà Pín Nínú Ẹ̀bi

(Àsọyé fún àwọn ọmọ Yorùbá tí ó wà ní ìlú Bouaké, ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire)

Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Àdúrà tí àwọn ará ilé ń gbà ní Èjìgbò, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ìnísà, àti ní gbogbo ìlú tí ọmọ Yorùbá ti wá sí ilẹ̀ yìí, ni pé kí ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó jókòó síhìn-ín ni ó jẹ́ pé ojú ọ̀nà ni oúnjẹ wọn wà. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà sì ni ọ̀rọ̀ òní.

Ohun kan ṣoṣo ni àsọyé yìí fẹ́ fi yé ni. Òfin ti sọ pé awakọ̀ kò gbọdọ̀ di tẹlifóònù alágbèéká mú nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ. Òfin náà dára, ó sì yẹ kí gbogbo ènìyàn pa á mọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ awakọ̀ nìkan ni òfin náà ń rí. Ẹni tí ó jókòó sí ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jà, tí ó ń pe awakọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, òfin kò rí i, ọlọ́pàá kò sì lè dá a dúró. Bẹ́ẹ̀ òun ni ó fi ohùn ara rẹ̀ fa ojú awakọ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Àwọn àgbà sọ pé ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Awakọ̀ tí ó gbé tẹlifóònù sí etí ni ó gbé epo lájà; ẹni tí ó pè é, tí ó mọ̀ pé ó wà lórí eré, òun ni ó gbà á sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti Bouaké fúnra rẹ̀. Ìlú yìí ni ó tẹ̀lé Abidjan ní títóbi ní gbogbo Côte d'Ivoire. Reluwé ti dé ibẹ̀ láti ọdún 1912. Ọ̀nà títì tí ó ti Abidjan wá, tí ó gba Yamoussoukro àti Tiébissou kọjá, nǹkan bíi 350 kìlómítà ni títí dé Bouaké, láti ibẹ̀ ni ó sì ti ń lọ sí ìhà àríwá, sí Burkina Faso àti Mali. Láti ọdún 1998 ni ìlú náà ti ní ọjà ńlá tí wọ́n ti ń ta iṣu, àlùbọ́sà àti oríṣiríṣi irè oko ní àpò-àpò fún àwọn tí ó ń kó o lọ sí ibòmíràn. Ọ̀nà olójú méjì tí ó ti Abidjan bẹ̀rẹ̀ dé Yamoussoukro ní ọdún 2013. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún fà á síwájú lọ sí ìhà Bouaké. Inú gbogbo oníṣòwò dùn sí i, ó sì yẹ kí inú wọn dùn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá ti ń dán tó ni ẹsẹ̀ awakọ̀ ń wúwo sí i tó. Ohun tí awakọ̀ lè ṣe kí ó sì yè é lórí ọ̀nà oníkòtò, ó lè pa á lórí ọ̀nà tí ó dán.

Nínú ìlú, alùpùpù ni ó gba ìgboro. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, tí Bouaké sì di ibùjókòó àwọn tí ó dìde sí ìjọba, ọkọ̀ akérò ṣọ̀wọ́n. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò ní iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi alùpùpù gbé ènìyàn. Ogun parí ní ọdún 2011. Alùpùpù kò parí. Láti Dar-es-Salam dé Koko, láti Air France dé Belleville, òun ni ẹsẹ̀ àwọn ará ìlú. Ojoojúmọ́ ni ojú sì ń rí ọ̀dọ́ tí ó ti tẹlifóònù bọ abẹ́ akoto tí ó dé sórí, tí ó ń sọ̀rọ̀, tí ó ń rẹ́rìn-ín, tí ìyá ọlọ́mọ sì wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ tí ó pọ̀n. Ìyá náà kò mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ẹ̀mí rẹ̀ àti ti ọmọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń sọ ọ́.

Ọdún 1996 ni tẹlifóònù alágbèéká dé Côte d'Ivoire. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé kò ṣe rere. Ó mú kí ọmọ tí ó wà ní Bouaké gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ ní Èjìgbò. Ó mú kí oníṣòwò mọ iye tí ọjà ń lọ ní Abidjan kí ó tó kó ẹrù. Ó ti di àpò owó lónìí, nítorí orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń fi owó ránṣẹ́. Tẹlifóònù kò níí kúrò láàárín ọmọ aráyé mọ́. Ohun tí ó kù ni láti mọ ìgbà tí a ń lò ó àti ìgbà tí a kì í lò ó.

Ohun mẹ́ta ni awakọ̀ fi ń wakọ̀: ojú, ọwọ́ àti ọkàn. Ẹni tí ó ń ka ìwé tí wọ́n kọ ránṣẹ́ sí orí tẹlifóònù kò ní ojú lójú ọ̀nà. Ẹni tí ó dì í mú kò ní ọwọ́ méjèèjì lára ìdarí. Ẹni tí ó ń bá oníbàárà jiyàn lórí owó kò ní ọkàn nínú ọkọ̀ rárá. Ọjà ni ọkàn rẹ̀ wà. Ẹni tí ó bá lé eku méjì á pòfo.

Ẹ jẹ́ kí ìṣirò kékeré kan fi hàn bí ó ti rí. Ọkọ̀ tí ó ń sáré 80 kìlómítà ní wákàtí kan ń lọ ní nǹkan bíi mítà 22 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí awakọ̀ bá wo tẹlifóònù fún ìṣẹ́jú-àáyá méje, ọkọ̀ rẹ̀ ti rin ohun tí ó ju mítà 150 lọ. Èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó pápá bọ́ọ̀lù kan àti ààbọ̀. Ta ni yóò di afọ́jú, tí yóò sì fi ọkọ̀ tí ó kún fún ènìyàn sáré láti ojú ilé kan ní pápá ìṣeré Bouaké dé ojú ilé kejì, kí ó tún fi ìdajì rẹ̀ lé e?

Èyí kì í ṣe àlọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù kan ń wá orin lórí tẹlifóònù rẹ̀ bí ó ti ń sáré lọ. Àwọn ọkọ̀ tí ó wà níwájú ti dúró nítorí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ; kò rí wọn. Ìyá kan àti ọmọ mẹ́ta kú lójú kan náà. Nígbà tí ẹjọ́ dé kóòtù, ó hàn pé nǹkan bíi wákàtí kan ṣáájú ni awakọ̀ náà ti fi ọwọ́ sí ìwé níwájú ọ̀gá rẹ̀ pé òun kò níí lo tẹlifóònù lórí ìrìn. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá ni wọ́n dá fún un. Ẹ̀wọ̀n náà kò jí òkú. Ìwé tí ó fọwọ́ sí kò gba ẹnikẹ́ni là.

Nítorí irú nǹkan báyìí ni àwọn ìjọba fi ṣe òfin. Ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ ṣe é láàárín àwọn ìpínlẹ̀ ibẹ̀, ní ọdún 2001. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe tirẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2003. Ní ọdún 2017 wọ́n sọ owó ìtanràn di 200 pọ́n-ùn, wọ́n sì ń kọ àmì ẹ̀ṣẹ̀ mẹ́fà sí ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ẹni tí wọ́n bá mú. Ẹni tí kò tí ì pé ọdún méjì tí ó gba ìwé àṣẹ yóò pàdánù rẹ̀. Síbẹ̀ àwọn awakọ̀ ń wá ọ̀nà àbáyọ. Ọkùnrin kan fi tẹlifóònù ya àwòrán jàǹbá ọkọ̀ tí ó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 2019 ilé ẹjọ́ gíga sọ pé kò rú òfin, nítorí pé ọ̀rọ̀ sísọ àti ìránṣẹ́ fífi ránṣẹ́ ni òfin dárúkọ, kò dárúkọ àwòrán yíyà. Ó di oṣù kẹta ọdún 2022 kí wọ́n tó dí ihò náà, tí wọ́n sì sọ pé awakọ̀ kò gbọdọ̀ di tẹlifóònù mú láti fi ṣe ohunkóhun.

Ní Nàìjíríà, ọdún 1988 ni wọ́n dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀, Wọlé Ṣóyínká sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Lílo tẹlifóònù lórí ìrìn wà lára ẹ̀ṣẹ̀ tí àjọ náà kọ sílẹ̀; 4,000 náírà ni owó ìtanràn tí wọ́n fi sí i fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìpínlẹ̀ Èkó náà fi í sínú òfin ìrìnnà tí Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá fọwọ́ sí ní oṣù kẹjọ ọdún 2012. Àdéhùn ìrìnnà tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ṣe ní ìlú Vienna ní ọdún 1968 kò mẹ́nu kan tẹlifóònù. Ní ọdún 2006 ni wọ́n fi kún un pé kí òfin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan kọ̀ fún awakọ̀ láti di tẹlifóònù mú nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ. Côte d'Ivoire wà nínú àdéhùn náà, òfin ìrìnnà rẹ̀ sì kọ̀ ọ́ pẹ̀lú. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 ni ẹ̀rọ ayàwòrán ti ń ṣọ́ ọ̀nà ní Abidjan. Ní ọdún 2023 ni ìwé àṣẹ ìwakọ̀ alámì sì dé, èyí tí wọ́n ń yọ àmì lára rẹ̀ bí awakọ̀ bá ṣẹ̀.

Ẹni tí ó bá gbọ́ gbogbo èyí lè rò pé ọ̀rọ̀ ti parí: òfin wà, ìtanràn wà, ọlọ́pàá wà. Kò tí ì parí. Ní ọdún 1997, àwọn onímọ̀ méjì ní Toronto, ní ilẹ̀ Kánádà, Donald Redelmeier àti Robert Tibshirani, ṣe ìwádìí lórí awakọ̀ 699 tí wọ́n ní tẹlifóònù, tí ọkọ̀ wọn sì ti ní jàǹbá. Wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ ìpè wọn wò. Wọ́n rí i pé ewu jàǹbá a máa di ìlọ́po mẹ́rin nígbà tí awakọ̀ bá ń lo tẹlifóònù. Wọn kò sì rí i pé èyí tí a kì í fi ọwọ́ dì mú sàn ju èyí tí a ń dì mú lọ. Ní ọdún 2005, ìwádìí mìíràn ní ìlú Perth, ní ilẹ̀ Australia, rí ohun kan náà: ìlọ́po mẹ́rin. Èyí ni pé awakọ̀ tí ó ki okùn bọ etí, tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lára ìdarí, lè pa òfin mọ́ kí ó sì pa ènìyàn.

Àwọn kan yóò béèrè pé, ṣé èrò tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ kì í bá a sọ̀rọ̀ ni? Ìyàtọ̀ ńlá wà níbẹ̀. Èrò tí ó wà nínú ọkọ̀ ń rí ọ̀nà. Bí màlúù bá sọdá, ẹnu rẹ̀ a pa mọ́ fúnra rẹ̀. Nígbà mìíràn òun gan-an ni yóò kígbe kí awakọ̀ tó rí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà lẹ́nu tẹlifóònù kò rí màlúù, kò rí ọmọdé, kò rí ọkọ̀ akẹ́rù tí ó kú sójú ọ̀nà lálẹ́ láìní iná. Yóò máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ ni. Bí awakọ̀ bá dákẹ́, yóò tún pariwo pé, "Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" Afọ́jú ni, ó sì ń darí ẹni tí ó ríran.

Ẹ wo bí àwọn àgbà ti ń ṣe sí kọ̀pẹkọ̀pẹ. Nígbà tí ó bá wà lókè ọ̀pẹ, tí igbà nìkan ni ó so ẹ̀mí rẹ̀ mọ́ ara igi, kò sí ọlọ́gbọ́n tí yóò dúró nísàlẹ̀ máa bá a ná ẹyìn. Wọn a jẹ́ kí ó sọ̀ kalẹ̀. Awakọ̀ tí ó ń lọ lórí títì wà lókè ọ̀pẹ. Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ bá a sọ, kí ó jẹ́ kí ó sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni àwọn ènìyàn máa ń fi dáhùn. Èkíní ni pé òwò kò lè dúró láìsí ìpè. Bẹ́ẹ̀ ṣáájú ọdún 1996 ẹrù ń ti Abidjan dé Bouaké, ọmọ Yorùbá sì ń jẹ èrè rẹ̀. Ìpè kì í mú ọkọ̀ yára. Ẹrù tí yóò dé ní agogo mẹ́rin yóò dé ní agogo mẹ́rin, yálà wọ́n pe awakọ̀ tàbí wọn kò pè é. Ohun tí ìpè lè ṣe ni kí ẹrù náà má dé mọ́.

Èkejì ni pé òfin yìí, ọ̀nà àtijẹ ọlọ́pàá ni. Kò sí àní-àní pé òfin rere lè bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí ó ń wá owó. Ṣùgbọ́n owó tí ẹnikẹ́ni gbà láìfún ni ní ìwé ẹ̀rí kì í ṣe ìtanràn, àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni, ẹni tí ó san án sì wà lára àwọn tí ó ba òfin náà jẹ́. Kí awakọ̀ béèrè ìwé ẹ̀rí pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Èyí tí ó dára jù ni pé kí tẹlifóònù má sí lọ́wọ́ rẹ̀ rárá. Ẹni tí kò gbé àgbàdo kò ní ohun tí adìẹ ń lé e fún.

Ẹ̀kẹta ni pé àyànmọ́ ni ikú. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni wọ́n ń fi ìjánu ṣe lára ọkọ̀? Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ nínú ìròyìn rẹ̀ ti ọdún 2023 pé nǹkan bí ènìyàn 1,190,000 ni jàǹbá ọ̀nà ń pa lọ́dọọdún ní gbogbo ayé, àti pé òun ni ó ń pa àwọn ọmọ ọdún márùn-ún sí mọ́kàndínlọ́gbọ̀n jù lọ. Ní ìwọ̀n iye ènìyàn, ilẹ̀ Áfíríkà ni ó le jù, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà kò pọ̀ tó ti ibòmíràn. Àyànmọ́ kò lè fẹ́ràn Áfíríkà tó bẹ́ẹ̀. Ìwà ni, ọ̀nà ni, òfin tí wọn kò tẹ̀ lé sì ni.

Kí ni ṣíṣe nígbà náà? Ohun tí ó wà ní agbára àwọn tí ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí kò ṣòro.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, kí ẹ tó jẹ́ kí ọkọ̀ gbéra, ẹ bá awakọ̀ ṣe àdéhùn ibi tí yóò ti pè yín. Bí ó bá dúró ní Yamoussoukro kí èrò lè jẹun, kí ó pè. Bí ó bá dúró ní Tiébissou, kí ó tún pè. Láàárín méjèèjì, ẹ fi ọkàn balẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan bá jẹ́ kánjúkánjú, ọmọ ọkọ̀ ni kí ẹ pè, nítorí ọwọ́ tirẹ̀ ṣófo. Bí ẹ bá fi owó epo ránṣẹ́ sí awakọ̀ lórí tẹlifóònù, ẹ má ṣe pè é lójú ẹsẹ̀ pé, "Ṣé ó ti wọlé?" Owó náà kò níí sá lọ kí ó tó dúró.

Gbogbo ẹni tí ó bá pe awakọ̀ tàbí ọlọ́kọ̀ alùpùpù, kí gbólóhùn àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìkíni jẹ́, "Ṣé orí ìrìn lẹ wà?" Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹni náà sọ pé, "Ó dàbọ̀, ẹ pè mí bí ẹ bá dúró," kí ó sì pa á. Èyí kì í ṣe àfojúdi. Ọ̀wọ̀ ẹ̀mí ni. Àwọn obìnrin tí ọkọ wọn ń wakọ̀, àti àwọn ọmọ tí baba wọn ń wakọ̀, ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ máa ṣe é, nítorí ìpè ilé ni ó ṣòro jù fún ọkùnrin láti kọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ni ọkọ̀, tí ẹ fi fún ẹlòmíràn wà, ẹ má ṣe bínú sí awakọ̀ tí kò dáhùn ìpè yín. Ẹ yìn ín. Awakọ̀ tí ó ń bẹ̀rù kí ọ̀gá má gba ọkọ̀ lọ́wọ́ òun yóò dáhùn, ìbáà ṣe lórí afárá. Ìbẹ̀rù náà, ẹ̀yin ni ẹ gbìn ín, ẹ̀yin náà ni ẹ lè hú u.

Ẹ̀yin èrò, ẹ má ṣe di odi nínú ọkọ̀. Èrò tí ó ń san owó ní ẹ̀tọ́ àtisọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni kí ó sọ ọ́: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dáhùn ún, a óò dúró dè yín." Bí ẹnì kan bá sọ ọ́, kí àwọn yòókù gbè é lẹ́sẹ̀. Awakọ̀ lè fi ojú tẹ́ńbẹ́lú ẹnì kan. Kò lè fi ojú tẹ́ńbẹ́lú ọkọ̀ odindi.

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ kẹ́yìn kàn. Ẹ pa tẹlifóònù lẹ́nu mọ́ kí ẹ tó fi iná sí ọkọ̀, kí ẹ sì gbé e sí ibi tí ọwọ́ yín kò níí tó. Ẹni tí ó bá pè tí ẹ kò dáhùn yóò bínú fún wákàtí kan. Bí ẹ bá dúró, tí ẹ sì pè é padà, ìbínú náà yóò tán. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn yín nínú ọkọ̀ kò ní ẹni tí yóò pè wọ́n padà bí wọ́n bá lọ.

Òfin ti ṣe ìwọ̀n tí ó lè ṣe: ó ti di ọwọ́ awakọ̀ mú. Ó ku kí àwọn tí ó fẹ́ràn awakọ̀, tí ó ń retí ẹrù rẹ̀, tí ó sì ń jẹ nínú iṣẹ́ rẹ̀, di ahọ́n tiwọn náà mú. Ọkọ̀ yóò dé. Kí ó má ṣe gbàgbé ẹnikẹ́ni sọ́nà.